Àgbàdo Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Àbdùlgàfárù

Ẹnu Àbdùlgàfárù kò mọ òṣì rárá. Igi ìdáná ló ń tà lẹ́bàá ọjà Ìpàta, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún 1992, ibi tó ti ń rí igi gé tẹ́lẹ̀ ti di pápá. Ìdajì ọjọ́ ló fi ń gun kẹ̀kẹ́ kó tó rí igi tó ṣeé gé. Ebi wá mọ ilé rẹ̀. Bó bá bá àwọn kan nídìí oúnjẹ, tí wọ́n ní, "Ẹ wá jẹun," kì í dáhùn pé "á gba ibi ire" bí ọmọlúàbí. Ọwọ́ ló máa ń fọ̀.

Zahrah ló fẹ́ fẹ́. Hajarat amọ̀kòkò, ìyá ọmọ náà, sì ti búra pé òun ò ní fọmọ fún ẹni tí kò lè bọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, Ìdòwú, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní GRA, kó àwọn ará àdúgbò jọ. Ó ní òun fẹ́ mọ bí igbó tó ń tán ṣe ń kan ìkòkò ọbẹ̀, àwọn gan-an ni yóò sì kọ́ òun. Kí kálukú fi hóró àgbàdo ka iye ọjọ́ tó ń dáná nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́.

Hajarat ka ogún, ojú ò tì í. Àbdùlgàfárù wojú rẹ̀, ó ka ọgbọ̀n, ó tún fi ẹyọ kan lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù wo nìyẹn?" Ìdòwú bi í.

"Ti àlejò nìyẹn."

Ìdòwú ní ó yá, kí gbogbo wọn wá rìn láti ilé dé ilé, kí wọ́n fojú rí ohun tí wọ́n kà. Àbdùlgàfárù yára dìde. Ó ní ilé òun jìnnà. Wọ́n ní ṣebí ògiri rẹ̀ làwọn fẹ̀yìn tì yìí.

Nínú ààrò rẹ̀, lórí eérú tútù, ni wọ́n ti bá adìẹ tó sàba lé ẹyin mọ́kànlá. Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀.

Hajarat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ó tó ọjọ́ mélòó tó ti sàba?"

"Méjìdínlógún, Ìyá."

"Ebi sì ń pa ọ́, o ò pa adìẹ, o ò jẹ ẹyin?"

"Wàláhì, mo fẹ́ fi àwọn ọmọ ẹ̀ wá tọrọ Zahrah ni."

Ìdòwú yọ bírò. "Màmá, kí la máa wá kọ síwájú orúkọ ẹ̀gbọ́n yìí?"

"Kọ ọ́ pé tálákà ni," Hajarat dáhùn. "Kí o sì kọ ọ́ pé àna mi ni."