Ọ̀nà Akúrẹ́ Tí Mo Ní Kò Mówó Wọlé

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní pápákọ̀ òfurufú ṣòro láti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé wa ní Mafoluku. Àwọn kan ní mò ń wa bàálù, àwọn kan ní kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe. Bàbá onílé wa gbà tọkàntọkàn pé mo lè bá òun gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ohun tí mò ń ṣe gan-an kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ bàálù kékeré kan ló gbà mí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa wo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí à ń fò, kí n sọ èyí tó ń mówó wọlé àti èyí tó ń jẹ owó tí àwọn yòókù mú wá.

Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á rò pé ìyọkúrò lásán ni. Gba owó tí èrò san, yọ owó epo, yọ owó awakọ̀, yọ owó pápá, ó parí. Ì bá rọrùn bẹ́ẹ̀ ká ní gbogbo èrò ló ń gba ilé wọn lọ níbi tí bàálù bá balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Èkó ni gbogbo bàálù wa ti ń pàdé. Ẹni tó ń ti Kàlàbá bọ̀ tó fẹ́ lọ sí Akúrẹ́, Èkó ló máa gbà. Owó kan ló san, bàálù méjì ló gbé e. Èwo nínú méjèèjì ló ni owó náà? Bí a bá fi bí ọ̀nà ṣe jìn tó pín in, Akúrẹ́ tó wà nítòsí kò ní rí ju èérún lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí kò bá sí bàálù Akúrẹ́, ọkùnrin yẹn kò ní wọ ti Kàlàbá lọ́dọ̀ wa rárá. Á wá ibòmíràn gbà, gbogbo owó rẹ̀ á sì bá a lọ.

Nítorí náà ni mo fi máa ń ṣe ìṣirò náà lọ́nà méjì. Mo máa ń pín owó, mo sì tún máa ń bi ara mi pé bí ọ̀nà yìí bá kú, èló ni àwọn ọ̀nà yòókù máa pàdánù. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú mi kì í ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń rí i dájú pé àwọn ẹlòmíràn mọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé wa tí n kò ní láti ṣàlàyé nǹkan kan fún ni àǹtí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, nítorí pápá kan náà la jọ ń lọ. Òun ló bá mi wá yàrá nígbà tí mo dé láti Ìwó, òun ló sì bẹ bàbá onílé tí kò fẹ́ gba àpọ́n. Ìdí káńtà Akúrẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, níbi tí èrò ti ń fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn tí wọ́n ti ń wọn ẹrù kí wọ́n tó wọlé lọ. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa gan-an. Ọ́fíìsì kan ní Ìsọlọ̀ ló gbà á síṣẹ́ tó fi yá wa lò, ìwé àdéhùn rẹ̀ sì sọ pé káńtà Akúrẹ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á. Bí Akúrẹ́ bá dúró, iṣẹ́ rẹ̀ dúró nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ méjì sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Gbogbo ilé ló mọ èyí, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún kejì tí mo débẹ̀, ọ̀gá mi pè mí. Ọ̀kan nínú àwọn bàálù tí à ń lò, a yá a ni, ẹni tó ni ín sì fẹ́ gbà á padà. Ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ dúró kí èyí tó kù lè tó lò. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti sọ ọ̀nà tó yẹ kó jẹ́.

"Má fojú àánú wò ó," ọ̀gá mi ní. "Ohun tí figure bá sọ ni kó o bá mi mú wá."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣe ìṣirò ní ọ́fíìsì, mo gbé e wálé, mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí bẹ́ẹ̀dì mo ń ṣe é lọ. Akúrẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ṣe ìṣirò ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo wá gbogbo àwọn tó ti ìlú mìíràn gba Èkó kọjá sí Akúrẹ́, wọn kò tó nǹkan. Ẹ̀rọ wa a máa ka èèyàn sí ẹni tó ń kọjá lọ bó bá ra ọ̀nà méjèèjì pọ̀ sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, tó sì wọ bàálù kejì kí ọjọ́ kan tó pé. Ẹni tí kò bá ṣe báyẹn, Èkó ni ẹ̀rọ gbà pé ó ń bọ̀. N kò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Nítorí àǹtí, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ń wá ibi tí mo ti lè gba Akúrẹ́ là, n kò rí i. Èyí fi ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo ní ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé n kò gbìyànjú.

Ní Àbámẹ́ta kan láàárín ìgbà náà, èmi àti àǹtí jọ ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Àbúrò," ó ní, "wọ́n ń sọ ọ́ ní pápá pé wọ́n fẹ́ dá Akúrẹ́ dúró. O ò gbọ́ nǹkan kan lókè?"

"Rárá o, àǹtí. Mi ò tíì gbọ́."

"Ó dáa. Tó o bá gbọ́, jọ̀ọ́, tètè sọ fún mi, kí n mọ ibi tí màá ti wá school fees àwọn ọmọ yìí."

Mo ní màá sọ. Mo fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi títí kò fi sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, mo fi ìwé mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá: Akúrẹ́ ni kí ẹ dá dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àbúrò bàbá mi dé láti Kàlàbá, níbi tó ti ń ta irin. Akúrẹ́ ló ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Ó sùn lọ́dọ̀ mi. Ní Àbámẹ́ta, mo bá a lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Òkè-Àfá, ìyá yẹn ò sì jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ àfìgbà tá a jẹun ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù mi ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Akúrẹ́ fún un, bàálù wa sì ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí káńtà.

Àǹtí kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó gbé báàgì sórí ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ló mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ báàgì, ó jù ú sínú páálí kan lábẹ́ káńtà, ó sì so tuntun mọ́ ọn.

"Àǹtí, kí lẹ gé yẹn?"

"Tag Kàlàbá ni. Tí mi ò bá gé e, àwọn tó ń kẹ́rù á rí i, wọ́n á dá ẹrù bàbá padà síbi tó ti ń bọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo inú páálí náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kàlàbá, Ùyó, Ábújá, Kánò, àmì ilé iṣẹ́ wa wà lára gbogbo wọn, ọjọ́ tí wọ́n fò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Àtìgbà wo lẹ ti ń kó wọn jọ?"

"Oṣù tó kọjá ni mo da ti tẹ́lẹ̀ nù. Àwọn tó ń lọ ilé ni. Wọ́n á dé lónìí, wọ́n á lọ sùn lọ́dọ̀ èèyàn wọn ní Èjìgbò tàbí Ìsọlọ̀, wọ́n á wá bá mi lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Ta ló máa gba Èkó kọjá tí ò ní yà kí ẹbí ẹ̀?"

Gbogbo àwọn tó ni ìwé inú páálí yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rà, ẹ̀rọ wa sì ti kà wọ́n sí ẹni tó wá sí Èkó tó dúró síbẹ̀. Àbúrò bàbá mi wà nínú wọn, ọwọ́ mi ni mo sì fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kejì yẹn fún un. Ọmọ Yorùbá ni mí, láti kékeré ni wọ́n ti ń fà mí lọ́wọ́ kiri ilé ẹbí bí a bá rìnrìn àjò. Mo wá jókòó ṣe ìṣirò bí ẹni pé kò sí ẹni tó ní ìyekan. Ojú tì mí.

Mo gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ọ́fíìsì fẹ́ lò ó. Ọjọ́ méjì ni mo fi ka àwọn ìwé náà, mo ń fi wọ́n wé àwọn tó wọ bàálù. Akúrẹ́ gòkè kúrò nísàlẹ̀, ọ̀nà mìíràn sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Èyí ló tọ̀nà," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn director ti fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ láàárọ̀ Monday. Wọ́n ti kọ̀wé sí pápá. Ìwé ẹ ni mo gbé fún wọn, èmi ni mo sọ pé iṣẹ́ ẹ dájú. Ojú wo ni màá tún fi wọlé lọ bá wọn?"

"Ẹ sọ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, sà."

"Ẹyin lohùn," ó ní, ó sì ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. "Ká ṣì máa wò ó ná."

Nígbà tí oṣù parí, Akúrẹ́ dúró. Ọ́fíìsì Ìsọlọ̀ fún àǹtí ní lẹ́tà tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó fi han gbogbo wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi náà ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí," bí àwọn yòókù ṣe sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra aṣọ ní ọjà Aswani ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á gé e sí ọ̀pá mélòó kan, á máa kiri rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àyíká pápá. Kò sí bó ṣe ṣe é tí kò fi yọ ọmọ rẹ̀ àgbà kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ. Ọmọ yẹn ń lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ báyìí.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, èrò Kàlàbá àti Ùyó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Àwọn ọ̀gá àgbà béèrè ohun tó fà á. Ọ̀gá mi fa ìwé mi kejì yọ nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n dá ọ̀nà tí ìwé yẹn dárúkọ dúró, wọ́n sì dá Akúrẹ́ padà. Wọ́n yìn mí ní ìpàdé. N kò dúró gbọ́ ọ tán, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì Ìsọlọ̀ láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá àǹtí padà sídìí káńtà rẹ̀. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ yẹ fáìlì wò. Ó ní àwọn ti rán ẹlòmíràn lọ, àti pé ọjọ́ orí àǹtí ti kọjá èyí tí àwọn ń gbà bí ẹni tuntun. Mo bá a fà á títí ó fi ní kí n máa lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá àǹtí. Ó ń ká aṣọ.

"Àǹtí, Akúrẹ́ ti padà."

"Mo gbọ́. Ta ni wọ́n fi síbẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó mú aṣọ mìíràn. Mo wá sọ èyí tó yẹ kí n ti sọ tipẹ́.

"Èmi ni mo kọ ìwé tó dá a dúró. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bi mí nígbà tá à ń fọṣọ, irọ́ ni mo pa fún yín."

"Mo mọ̀," ó ní. "Gbogbo pápá ló mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò bá mi wí?"

"Kí n ní kí ni? Pé kó o má ṣe iṣẹ́ ẹ? Àwọn ọmọ mi lo fi ṣeré, ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé three weeks lo fi ń wá àwọn tó ń wọ Akúrẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Èmi tí mò ń rí wọn lójoojúmọ́ rèé. Ilẹ̀kùn mi ò tì, àbúrò."

Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì lóòótọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, mo máa ń dúró níwájú rẹ̀ kí i, kí n tó wọlé lọ ṣí kọ̀ǹpútà.