Télọ̀ Tí Ó Ra Písítìnì Bí Aṣọ Ọmọdé

Ó ti tó ogójì ọdún tí ọkùnrin aránṣọ yìí ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé kan náà, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ kan náà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí tí irin náà fi ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé. Fàyèsílẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Kò sí aṣọ tí ó rán rí tí kò fi àyè sí. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá wá rán aṣọ ilé-ìwé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fàyèsílẹ̀ yóò rán an fún. Bí ìyá ọmọ bá fajú ro, a rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì na ìka sí ojú-rírán náà.

"Aṣọ tó bá tóbi, ẹ lè dín in kù. Èyí tó bá kéré ńkọ́? Ṣé ẹ máa gé ọmọ ni?"

Láti ogójì ọdún wá, ẹnikẹ́ni kò tíì rí èsì fún ìbéèrè yìí.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń léwájú àwọn ohùn gíga nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé ìsìn tí ó wà ní téńté òkè àdúgbò náà. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọ òkè yẹn sílẹ̀ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ ní ni ó sì ń gbé e lọ. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ náà pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni tí oòrùn pa, ó ń tú èéfín bí ààrò tí igi rẹ̀ tutù. Bí ó bá gun òkè dé ìdajì, á dákẹ́, á sì rọra máa padà sẹ́yìn bí ẹni tí ó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni obìnrin náà fi jókòó sí ojú fèrèsé ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ó ń gbọ́ orin tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí ó sì ń gbọ́ ibi tí ohùn tirẹ̀ ti sófo nínú rẹ̀. Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ọkọ rẹ̀ rí i tí ó ń fi etí aṣọ nu ojú, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Ọlọ́run pé kí oṣù náà tó parí, ìyàwó òun yóò kọrin lórí òkè. Gbogbo ohun tí ó fi pamọ́ sínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ ni yóò fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ohun tí ó fi pamọ́ náà kò pọ̀. Ó tó ìgbà kan, kò tó ìgbà méjì.

Mẹkáníìkì tí ó pè ni wọ́n ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-ná, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, yóò fẹ́ wọ̀n ọ́n ná. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, lórí tábìlì tí aránṣọ fi ń lọ aṣọ nígbà kan rí, ó sì kọ ìwé àwọn páàtì tí yóò rà fún ẹ́ńjìnnì lé e lọ́wọ́: gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù ọ́ìlì, àti àwọn bérìn tí òun ti wọ̀n. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: Ẹ MÁ TÍÌ RA PÍSÍTÌNÌ O.

"Bàbá, ẹ wò ó," ó ní, ó sì fi ìka kan ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà lára irin náà. "Inú ihò sìlíńdà wọ̀nyí ni písítìnì ti máa ń lọ sókè sódò. Ihò yín ti jẹ, ó ti rí bí ẹyin. Màá gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀ kó lè padà rí roboto, ká tó wá ra písítìnì tó bá a mu. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wà: kékeré, àárín, àti ńlá. Irinṣẹ́ tí mo fi ń wọ̀n ọ́n wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi, Ọjọ́bọ̀ ló máa dé. Ẹ má rà á ṣáájú Ọjọ́bọ̀."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ tún un sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní mo ti gbọ́! Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìwọ̀n? Ogójì ọdún ni téèpù ti wà lọ́rùn mi."

Wọ̀n-ọ́n-ná wo téèpù náà, ó wo ọrùn tí ó gbé e kọ́, ó sì kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ jọ.

Bí ó ti jáde tán ni Fàyèsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, ó ki téèpù bọ ihò kìn-ín-ní, ó di ojú kan. Ó ku díẹ̀ kí ó sọ fún un pé kí ó na apá méjèèjì sókè.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ jọ lọ sí ìsọ̀ páàtì. Awakọ̀ akẹ́rù ni àbúrò yìí, Aláriwo ni wọ́n ń pè é, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì ni pé ọkọ̀ tí a kò tíì gbọ́ kò tíì dé. Ìsọ̀ náà há, ó ga, ó ń rùn fún rọ́bà àti gírísì. Ẹni tí ó ni ín jókòó lórí táyà kan láàárín rẹ̀. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé: ỌJÀ TÍ A BÁ TI TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wo ẹ̀sọ́ọ̀sì yìí!" Aláriwo ti gbé irin gbọọrọ kan, èyí tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, sáyà bí ẹni gbé ọmọ. "Bẹ́ ẹ bá fi eléyìí gun òkè, gbogbo àwọn tó ń sùn lásìkò ìwàásù ló máa jí."

"Oníwàásù ń gbìyànjú lórí wọn. Jẹ́ ká fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un."

"Ìdérí ẹ́ńjìnnì yìí wá ńkọ́? Ẹ wo bó ṣe ń dán. Ẹ lè fárùngbọ̀n níwájú ẹ̀."

Fàyèsílẹ̀ gbà á, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ojú náà sì dára ju bí ó ti rò lọ. Ìdánwò ni, kò kéré. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ibojì tí a fi ẹfun kùn lóde tí egungun kún inú wọn, ó mí kanlẹ̀, ó sì dá a padà sórí pẹpẹ.

"Inú ló ń mu ọ́ìlì, àbúrò mi. Òde ò ṣàìsàn."

Ó ra gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìyà bàrá. Ìbá ṣe pé ó jáde nígbà náà, ẹni ìṣẹ́gun ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé òun dúró ni ó yẹ kí ó kíyè sí ẹsẹ̀ rẹ̀ jùlọ.

"Písítìnì ńkọ́?" ọlọ́jà bi í. "Mo ní kékeré, mo ní àárín, mo ní ńlá, pẹ̀lú ríìngì wọn. Iye kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Iye kan náà?"

"Bó ṣe rí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú un. Ta ni yóò fi iye aṣọ àgbà ra aṣọ ọmọdé? Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí páálí ńlá kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀.

"Mẹkáníìkì yín ti wọn ihò ọ̀hún?" ni ọlọ́jà wí.

"Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n," ni Fàyèsílẹ̀ dáhùn, ó sì fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀.

Ọlọ́jà náà wo téèpù, ó sì yí ojú sí ògiri. "Ẹ ka ìwé ara ògiri yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó o."

"Ẹ̀gbọ́n," Aláriwo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, "Wọ̀n-ọ́n-ná ní ká má tíì rà á."

"Ìwọ tó o fẹ́ fi ẹ̀sọ́ọ̀sì jí àwọn èèyàn Ọlọ́run, ìwọ lo wá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn?"

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti kìlọ̀ fún wòlíì rí, wòlíì kò sì gbọ́. Fàyèsílẹ̀ sanwó, ó gbé páálí ńlá, ó sì ń kọrin ìyìn lọ sílé.

Ní Ọjọ́bọ̀, irinṣẹ́ dé. Wọ̀n-ọ́n-ná wọn ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣí páálí, ó mú písítìnì kan, ó sì gbé e lé ihò. Písítìnì náà jókòó lórí ihò bí ọmọrí lórí ìkòkò.

"Bàbá."

"Ó fi díẹ̀ tóbi, àbí? Mo mọ̀. Àyè ni mo fi sí i."

"Àyè kí ni?"

"Kó lè dàgbà."

"Kí ta ni lè dàgbà?"

"Ẹ́ńjìnnì."

Wọ̀n-ọ́n-ná wá ibi jókòó. Orí jáàkì ni ó bá. "Bàbá, irin kì í dàgbà. Ẹ gbọ́: lọ́dọ̀ tiyín, aṣọ lẹ máa ń gé kó lè bá ọmọ mu. Níbí, ọmọ la máa ń gé kó lè bá aṣọ mu."

Ìbéèrè ogójì ọdún ti rí èsì rẹ̀.

Mẹkáníìkì náà rọra la ọ̀ràn yé e. Ìwọ̀n kékeré ìbá ti tó, ẹ́ńjìnnì ì bá sì ní ìwọ̀n méjì mìíràn nílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Bí wọ́n bá lo ti ńlá yìí, òun yóò gbẹ́ irin náà dé ibi tí gbígbẹ́ parí sí. "Ó máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá tún jẹ, ó tán nìyẹn. Kò sí nǹkan tá a tún lè gbẹ́."

"Ọdún mélòó ló máa lò?"

"Bẹ́ ẹ bá ń yí ọ́ìlì ẹ̀ déédéé, ó lè tó mẹ́wàá. Ìyẹn nìkan ni mi ò lè wọ̀n. Tàbí kẹ́ ẹ dúró di ìparí ọdún, nígbà tówó bá tún wà, kẹ́ ẹ ra kékeré."

Báyìí ni ẹni tí ó ń fi àyè sílẹ̀ fún gbogbo ayé ṣe lo gbogbo àyè tirẹ̀ tán lọ́jọ́ kan.

Ó wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò sì rán nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ tọ ògiri wá bá a. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láì fi ọ̀kan pamọ́, títí kan ojú ara rẹ̀ tí ó wò nínú ìdérí ẹ́ńjìnnì.

"Torí náà, ẹ fẹ́ kí n dúró di ìparí ọdún?" ni obìnrin náà bi í.

"Kí àyè lè wà ni. Tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i—"

"Bàbá wọn, ọdún mẹ́wàá sí i, ẹni ọdún mélòó lẹ máa jẹ́?"

Ó ṣírò rẹ̀. "Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin."

"Ta ló wá máa wakọ̀ gun òkè nígbà yẹn? Ṣé Aláriwo? Kí wọ́n tó gbé mi dé òkè, etí mi á ti di."

Kò dúró gba èsì. Ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí, ó sì gbé aṣọ funfun kan jáde, tí ó ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ ní etí. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ rántí eléyìí? Ẹ ní mo máa tó sanra. Ọdún méjìdínlógójì rèé tí mo ti ń gbìyànjú, mi ò tíì kún un."

"Ìyá rẹ ni mo wò nígbà yẹn, mo ní—"

"Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀ níbi tó wà. Àwọn tó kó mánà pamọ́ de ọ̀la nínú aginjù, kí ló ṣẹlẹ̀ sí mánà wọn?"

"Ó yọ ìdin."

"Ẹ ṣeun. Ẹ sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó gbẹ́ ẹ. Kẹ́ ẹ sì bá mi dín aṣọ yìí kù, kó dọ́gba pẹ̀lú ara mi. Kẹ́ ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀."

Fàyèsílẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó tú ojú-rírán àtijọ́, ó sì mú àlùmọ́gàjí. Lẹ́yìn náà ó gé e. Ní ẹ̀yìnkùlé, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, a ń gbọ́ ẹ̀rọ Wọ̀n-ọ́n-ná tí ń jẹ irin.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó gbẹ̀yìn oṣù náà ni wọ́n gun òkè. Àṣẹ mẹkáníìkì ni pé a kò gbọdọ̀ sáré pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, Fàyèsílẹ̀ sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àṣẹ mẹkáníìkì. Wọ́n ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá arúgbó kan tí ń fi ọ̀pá rìn kí wọn láti ẹ̀yìn, ó kí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kí wọn láti iwájú.

"Ẹ̀gbọ́n," Aláriwo na ọrùn wá síwájú láti ìjókòó ẹ̀yìn, "ṣé ẹ ti tan ọkọ̀ yìí?"

"A ti ń lọ."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan!"

"Ohun tí mo rà nìyẹn."

Wọ́n dé ìdajì òkè. Aláriwo pàápàá pa ẹnu mọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ kan ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀pá ìyípadà jíà. Ọkọ̀ náà dé ojú ibi tí ó ti máa ń rántí ohun tí ó gbàgbé sílé, ó kọjá ibẹ̀, kò sì rántí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, ẹgbẹ́ akọrin ti wà ní ẹsẹ kejì. Obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Wọ́n la ọ̀nà fún un, ó bọ́ sí àyè rẹ̀ tí ó ti sófo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá báyìí, aṣọ funfun náà sì bá a mu bí ẹni pé a dà á sí i lára.

Ìdí ìlẹ̀kùn ni Fàyèsílẹ̀ jókòó sí. Orin náà gun òkè tirẹ̀, ó dé ibi gíga jùlọ, ìyàwó rẹ̀ sì fa èémí kíkún. Láti ìdí ìlẹ̀kùn níbẹ̀, láàárín ohùn gbogbo ènìyàn, aránṣọ náà gbọ́ ìró kékeré kan tí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè gbọ́: òwú méjì já ní ìhà òsì aṣọ náà.

Ó fọwọ́ ba abẹ́rẹ́ tí ó máa ń gún sí àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ohùn náà ti ń lọ sókè. Ó tún jókòó.