Ilẹ̀ Àpáàdì Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ṣáájú ohunkóhun, nítorí pé títí bàbá mi fi kú, kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ létí òun. Ìyá mi ń gbẹ́ ilẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fẹ́ ri òpó kan mọ́lẹ̀ tí yóò gbé páànù tó ti ń wọ́ ró, ni ọkọ́ rẹ̀ bá kan nǹkan líle. Ó fọwọ́ ha yẹ̀pẹ̀ kúrò. Àpáàdì ni, àfọ́kù ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n tò ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà lẹ́yìn ìlà, bí ìgbà tí èèyàn hun ẹní. Ó pè mí kí n wá wò ó, mo ní ó rẹwà. Ó ní, "Àwọn tó ṣe èyí ò níṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ yẹn," ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ pe bàbá mi. Ì bá má pè é.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ yìí. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìlobùú, òun sì ni alága ẹgbẹ́ kan tó ń wá ilé àtijọ́ àti ohun abẹ́ ilẹ̀ kiri láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìfọ́n dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Orúkọ pọ̀ nínú ìwé wọn, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ náà: bàbá mi, ayàwòrán ilé kan, tíṣà kan tí bàbá mi ti kọ́ níwèé ní kékeré, kọngílá kan, àti ọkùnrin Ìfọ́n kan tó ń bá àwọn èèyàn wọn ilẹ̀. Kọngílá yìí ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Òun ló ń wó ilé alámọ̀ kiri kó lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀, òun náà ni yóò tún dé ìpàdé, tí yóò máa kẹ́dùn pé ilé àtijọ́ ti ń tán nílẹ̀. Wọ́n á gbé téèpù àti kámẹ́rà wọ ilé onílé, wọ́n á máa fọwọ́ pa ògiri lára, wọn ò sì ní kí ìyá arúgbó tó jókòó sídìí ògiri ọ̀hún. Bàbá mi máa ń fọ́nnu pé nínú pálọ̀ òun nìkan ni ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ìfọ́n ti lè jókòó pọ̀ láìjà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn òkú ayé àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi pè é yẹn, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi àpáàdì náà, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti wó ilé ìdáná ìyá mi. Wọ́n kó ààrò rẹ̀ sẹ́yìn ògiri, wọ́n ta okùn yí ibẹ̀ ká, wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dáná níwájú ilé, lẹ́bàá títì, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti ń rí ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Bí àlejò ẹgbẹ́ bá dé, bàbá mi á ní, "Ẹ má bínú sí èéfín yìí o. Ìyàwó mi ò mọ irú ilé tó ń gbé." Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Ìyá mi á kúnlẹ̀ kí wọn, á sì bu oúnjẹ fún wọn.

Bàbá mi fi ẹ̀yìnkùlé náà ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ níṣojú lẹ́mọ́mù àdúgbò wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin tó dè é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ náà, àfi tí ẹgbẹ́ bá dìbò sí i. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọn yóò nà. Bí ìbò bá dọ́gba, ilẹ̀ àpáàdì ló jàre. Ó ka òfin yìí sí wa létí nínú pálọ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin.

Kò pẹ́ tí àìsàn fi dé bá ìyá mi. Inú ló ń run ún, ó rù, aṣọ kò dúró sí i ní ìdí mọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Òṣogbo nígbà náà, àárọ̀ ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú. "Bí mo bá kú, ẹ sin mí síbi ààrò mi," ó ní. "Mi ò fẹ́ ibòmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti dáná tí gbogbo yín fi dàgbà." Ọmọ Ìfọ́n ni, bí a bá sì gbé òkú obìnrin padà sílé bàbá rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé a ṣe ohun tójú ò rí rí. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ibi tí ó fẹ́. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ikú ti pọ̀ jù lẹ́nu yín," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìdájí ló kú, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun. Lẹ́mọ́mù dé, ó kí wa, ó sì ní kí a fi ibi tí wọn yóò gbẹ́ han àwọn ọ̀dọ́ kí oòrùn tó mú. Mo ní ẹ̀yìnkùlé ni. Bàbá mi ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù, ó sì ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́.

Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa. Àwọn obìnrin ń wẹ ìyá mi nínú yàrá, àwọn ọkùnrin márùn-ún sì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ṣe ìpàdé. Èmi ni mò ń gbé omi wọlé. Garawa omi wà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí bàbá mi gba ẹnu sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi ni," ó ní. "Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ṣojúsàájú."

"Alága, ẹ dákun," ni ọkùnrin Ìfọ́n wí. "Òkú ń dúró dè wá. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ilẹ̀ fún ìyá yìí. Ṣé òun kọ́ ló rí i ni?"

Bàbá mi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Ayàwòrán ilé nawọ́. Tíṣà tó ti ń bẹ̀rù bàbá mi láti kékeré, ọwọ́ tirẹ̀ náà gòkè. Ọkùnrin Ìfọ́n nawọ́. Kọngílá wo òrùlé, kò nawọ́. Bàbá mi náà kò nawọ́. Mẹ́ta sí méjì. Mo ti fẹ́ sáré jáde lọ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n gbé ọkọ́ wá.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?" ni bàbá mi bi ọkùnrin Ìfọ́n.

"Ọwọ́ mi ni, Alága. Òun ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan láti kékeré."

"Ọwọ́ òsì kò sí nínú ìbò ẹgbẹ́ yìí."

Ọkùnrin náà sáré gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Bàbá mi mi orí. "Mo ti kà á tán," ó ní. "Méjì gbà, méjì kọ̀. Ilẹ̀ àpáàdì ló jàre." Garawa bọ́ lọ́wọ́ mi, omi sì ṣàn dé ibi ẹsẹ̀ wọn. Kọngílá ló sọ pé kí n rọra, kí omi má baà wọ ìwé.

A fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré gbé ìyá mi lọ sí Ìfọ́n. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbà á, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn kan nílé bàbá rẹ̀. Mo kórìíra bàbá mi lọ́jọ́ náà. N kò fi pa mọ́ fún un, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ yunifásítì wá wo ilẹ̀ àpáàdì náà, wọ́n ya bàbá mi ní fọ́tò níbi tó kúnlẹ̀ sí, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe rí i. Ó ní òun ti ń fura sí ibẹ̀ tipẹ́. Mo ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, mo gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n tún gbóná. Ìgbà kan ń bẹ tí ẹni tí wọ́n bá mọ̀ sí ọmọ Ìlobùú kò lè dé Ìfọ́n kó padà ní àlàáfíà. Mo ń gbé nílé tí ìyá mi ti fẹ́ kí wọ́n sin òun, n kò sì lè dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ dé, mo dúró lẹ́bàá okùn tí ẹgbẹ́ ta sẹ́yìnkùlé, mo ṣe àdúrà fún un níbẹ̀. Bàbá mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí n ṣọ́ ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, rọpá-rọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú pátápátá, ẹnu rẹ̀ wọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo padà sílé. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, mo fọ aṣọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fi ìyà jẹ ẹ́. Àwọn ìbátan wa tó wà l'Ékòó ní ohun tí mo bá ti ṣe ni àwọn fara mọ́.

Ọjọ́ kan ló sọ fún mi, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ibi àpáàdì ni kí ẹ sin mí sí."

"Ibi ààrò Ìyá?" mo bi í.

"Ibi àpáàdì," ó tún un sọ. "Kí n lè máa ṣọ́ ọ. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ayé mi wà. Pe ẹgbẹ́ wá."

Mo pè wọ́n. Tíṣà ti kú, ayàwòrán ilé ti kó lọ sí Èkó. Ó ku bàbá mi, kọngílá, àti ọkùnrin Ìfọ́n, tó ti di alága nígbà náà. Ìlú ti rọ̀ díẹ̀, ó wá láìfara pa mọ́. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n béèrè àlàáfíà, lẹ́yìn náà ni alága ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ nà án. Ọwọ́ ọ̀tún ló nà, lọ́nà tó gọ̀, bí ẹni tí ń fi bàtà àyálò rìn. Bàbá mi ló kọ́ ọ lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, kò sì gbàgbé.

Kọngílá kò nawọ́. Ó ní òfin ni òfin, pé bàbá mi gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ bá le.

Bàbá mi na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ó ga dáadáa, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Mo kà á," ni alága wí. "Méjì sí ọ̀kan."

"Ẹ ò lè kà á," ni kọngílá dáhùn. "Ta ló ṣe òfin?"

"Aláìsàn ni. Ṣé ẹ ò rí i pé ọwọ́ kejì ti kú ni?"

"Òfin ò yọ aláìsàn sílẹ̀."

Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà báyìí lórí ẹni tó dùbúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ló bá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, bá mi sọ fún wọn," ó ní. "O wà nínú ilé yìí. O mọ bí a ṣe ń ṣe é."

Alága wò mí. "Ohun tí ọmọ bá sọ la máa ṣe," ó ní. Kọngílá náà gbà bẹ́ẹ̀.

Mo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ọwọ́ wo ni ẹ nà?"

Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Mo rí i kedere nígbà tó rántí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọwọ́ òsì ni," mo sọ fún wọn. "Ọwọ́ òsì kò sí nínú ìbò ẹgbẹ́ yìí."

Ọwọ́ náà ṣì dúró sókè, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Alága ló dìde, tó dì í mú, tó sì rọra gbé e sórí aṣọ ìbora. Bàbá mi kò tún sọ ọ̀rọ̀ sísin mọ́ títí ó fi kú. Ìtẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn yídì la sin ín sí.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ, mo já okùn ẹ̀yìnkùlé dànù. N kò fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà, òfin wọn ṣì dúró. Mo kàn lọ kó ààrò ìyá mi wá láti ẹ̀yìn ògiri, mo tò ó sórí àpáàdì níbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo sì dáná. Èéfín ti mú ibẹ̀ dúdú dáadáa báyìí.

Alága wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó bá mi nídìí iná. Ó wo àpáàdì tó ti dúdú, kò bá mi wí. Ó ní òun ń roko ìdí igi ọsàn yẹn fún mi nígbàkúùgbà tí koríko bá hù níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ó jókòó tì mí.

"Ká ní o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni," ó ní, "ǹ bá kà á fún un."

"Mo mọ̀, sà," mo dá a lóhùn, mo sì fẹ́ iná.