Súfèé Ẹ̀yìn Télé

Ọkọ mi kì í kọ́kọ́ ṣí télé tí wọ́n bá gbé wá fún un. Etí ló máa ń fi tì í. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò Adjamé, òun ló sì kọ́ àbúrò náà níṣẹ́. Àwọn télé aláwọ̀ àtijọ́ ní tiransifó kan lẹ́yìn, òun ló ń fún gíláàsì ojú télé ní iná líle. Tó bá ń ṣiṣẹ́, á máa súfèé tín-ín-rín. Tó bá dákẹ́, ó ti kú nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé télé ńlá onípákó wá láti àdúgbò Zone 4, kò gbé àwòrán jáde. Ọkọ mi tan án, ó fi etí lé e. "Màdáàmù, tiransifó rẹ̀ ti kú. Ẹ lọ wá òmíràn." Mo wà níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ni mo gbé wá. Mo ń gbọ́ súfèé náà ketekete.

Àbúrò rẹ̀ náà ń gbọ́ ọ. Ṣé kò lè fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sọ fún un ni? Rárá o! Ó kọjú sí àwọn oníbàárà lórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń gbọ́ súfèé?"

Gbogbo wọn nawọ́. Obìnrin náà fi Faransé ní, "Mais ça siffle, papa!" Ó mà ń súfèé, bàbá! Ọkọ mi tún tẹ etí mọ́ pákó títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Kò gbọ́ nǹkan kan; ọjọ́ orí ti gba ohùn tín-ín-rín lọ́wọ́ etí rẹ̀. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì wá wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni aláìláàánú yẹn wí, "ẹ lọ sinmi nílé."

Ó lọ, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ní àràárọ̀ ló máa ń fi etí lé télé ilé wa, á bi mí pé, "Ṣé ó ń súfèé?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. Àbúrò rẹ̀ yí mọ́lẹ̀ níbi ìsìnkú, ó ń ké. Ẹlẹ́tàn! Mo dì í sínú.

Ọdún gorí ọdún, télé wa náà ò gbé àwòrán jáde mọ́, ṣùgbọ́n ó ń súfèé. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ọkọ mi ti hewú. Ó tan télé, ó fi etí lé e.

"Ìyàwó wa, tiransifó yín ti kú."

Inú mi dùn. Bẹ́ńṣì kún fọ́fọ́. Mo kọjú sí wọn: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń gbọ́ súfèé?"

Gbogbo wọn nawọ́. Ó tẹ etí mọ́ télé, ó tún tẹ̀ ẹ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Kò ṣe mí láàánú rárá. Mo kúnlẹ̀ fún un, bí ìyàwó ṣe ń kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ.

"Ọkọ mi," ni mo wí, "ẹ lọ sinmi nílé."