Ẹṣin Tí Kò Ṣàìsàn

Òórùn ẹṣin mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi ti ọsibítù dé, kí n tó rí ilé rárá. Ó dàpọ̀ mọ́ òórùn eruku sìmẹ́ńtì, nítorí pé lásìkò yẹn kò sí ibi tí wọn kì í kọ́lé sí ní agbègbè Ọ̀tà. Ilẹ̀ tí ẹṣin mi ti ń jẹko ní Ìjù ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì lápá kan, yunifásítì sì ti mọ ògiri yí apá kejì ká. Mo jókòó sínú mọ́tò, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé eruku ló kó sí mi lójú.

Mi ò tí ì pé ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ páànù ló gbé mi wá sí ilé-iṣẹ́ kan ní Sàngó. Bàbá mi sin ẹṣin, bàbá tirẹ̀ náà sin ín, èmi náà ò sì lè gbé ìlú kan kí n má ní ẹṣin. Ọ̀kan péré ni mo ní, ẹṣin pupa kan tí funfun wà níwájú orí rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí Iléyá bá dé, èmi ni mo máa ń gùn ún ṣáájú Lèmọ́mù àdúgbò wa lọ sí Yídì. Tí mo bá ti wà lórí gàárì, mo máa ń rò pé èmi ni gbogbo Ọ̀tà jáde wá wò, bẹ́ẹ̀ ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nílé ni ọ̀pọ̀ wọn ń rò.

Ẹnu iṣẹ́ àárọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí àyà mi fún pinpin, tí òógùn bò mí, tí apá òsì mi sì kú. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sáré gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọkàn mi mọ́, pé Ọlọ́run ló yọ mí. Ó ní kí n máa lo oògùn, kí n máa fẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀, kí n má sì gun ẹṣin títí òun yóò fi ní ó yá. Èyí tó kẹ́yìn yìí dùn mí ju àyà lọ. Mo bẹ ìyàwó mi pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò, kó ní Ọ̀yọ́ ni mo lọ.

"Bàbá Ìbejì, ẹṣin ń fẹ́ ìrìn, ẹ̀yin náà ń fẹ́ ìrìn. Ẹ jọ máa lọ," ó wí, ó sì na okùn ẹṣin sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ló ti ń bẹ̀rù ẹṣin, síbẹ̀ òun ló fún un lómi tó sì kó ìgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi dùbúlẹ̀. Ó ti gbé gàárì pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rò pé mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, ìránṣẹ́ ló ń fa ẹṣin lókùn, ẹni tó ni ẹṣin a wà lókè. Bàbá mi kò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀ rí lójú èèyàn. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, bí a ti ń wọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yunifásítì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré ìdárayá ń kọjá lára wa, ìyá oníbúrẹ́dì kan bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò gùn ún?" Kí n tó ronú, mo ti dáhùn pé, "Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, Ìyá. Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn obìnrin ń gbé òrí wá pé kí n fi pa ẹsẹ̀ ẹṣin. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun dá mọ́tò rẹ̀ dúró, ó gbé ọwọ́ lé ẹṣin lẹ́yìn, ó sì gbàdúrà gidi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Lèmọ́mù náà ní kí gbogbo wa bá òun ṣe àmín fún ẹṣin Yídì. Mo jókòó láàárín wọn, ọwọ́ mi wà lórí àyà, mo ń ṣe àmín fún ẹṣin tí ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ó wù mí kí ẹnì kan gbàdúrà fún èmi náà, ṣùgbọ́n mo ti fi ẹnu ara mi dínà rẹ̀.

A ń rìn ṣá. Níbẹ̀rẹ̀, òpó iná àkọ́kọ́ ni mo ti ń sinmi. Nígbà tó yá, a ń dé ẹnu géètì yunifásítì, ẹṣin náà sì ti kọ́ láti dúró dè mí tí mi ò bá lè mí dáadáa. Nígbà tí ìrìn wa wọ oṣù kẹrin, tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ní mo lè gùn ún, kó má ṣáà sáré, kí ẹnì kan sì di okùn mú. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi délé. Lèmọ́mù ni mo bá ní pálọ̀, òun àti àgbàlagbà méjì. Wọ́n ní àánú ẹṣin mi ṣe wọ́n, àwọn ti bá ẹlẹ́ṣin kan sọ̀rọ̀ ní Adó-Odò pé kó wá ṣáájú lọ sí Yídì lọ́dún yìí.

Mo fẹ́ sọ pé ẹsẹ̀ ẹṣin ti san. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Ìbejì," ó rọra wí, "ẹ sọ fún wọn."

"Ẹṣin ò ṣàìsàn rí," mo ní. "Èmi ni. Ọkàn mi ló fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ló ń tì mí, ẹ dákun."

Lèmọ́mù kò rẹ́rìn-ín. "A fi oṣù mẹ́rin ṣàdúrà fún ẹṣin," ó wí, "ìwọ sì ń bẹ láàárín wa." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ṣàdúrà fún mi, ó dárúkọ mi àti orúkọ ìyá mi. Lẹ́yìn àmín, ó béèrè ẹni tí yóò di okùn mú lọ́jọ́ náà.

"Èmi ni," ìyàwó mi wí.

Láàárọ̀ Iléyá, ó wọ́ gàárì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Awọ rẹ̀ ń dán. Òrí tí àwọn aládùúgbò gbé wá fún ẹsẹ̀ ẹṣin ló fi ń pa á, láti oṣù mẹ́rin, láìsọ fún mi. Mo sunkún, mi ò sì dárúkọ eruku lọ́tẹ̀ yìí. Bó ti ń bẹ̀rù ẹṣin tó, kò jọ̀wọ́ okùn títí a fi dé Yídì, Lèmọ́mù sì ń fa ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà wá sílẹ̀.

Ẹṣin náà ti kú, kò sì sí koríko mọ́ ní Ìjù. Èmi àti ìyàwó mi ṣì ń rìn láràárọ̀. Eékún ló ń dun ìyàwó mi báyìí, kò sì fẹ́ kí ayé mọ̀. Tí ẹnì kan bá bi wá pé kí ló dé tí a ń rọra wọ́ báyìí, èmi ni mo máa ń tètè dáhùn. "Èmi ni o," n ó wí. "Àyà mi ni. Dókítà ní kí n má yára." Ó ti pẹ́ tí dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyàwó mi mọ̀. Á di ọwọ́ mi mú, a ó sì máa lọ.