Wọ́n Ní Mo Ti Rù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mushin níbí, ẹni tó bá sanra ni wọ́n gbà pé ayé yẹ. Télọ̀ ni bàbá mi. Bí ó bá ń rán bùbá tàbí ṣòkòtò, ó máa ń ká aṣọ púpọ̀ sínú ojú rírán, kí ó lè rí nǹkan tú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí oníaṣọ bá sanra sí i. Ẹni tó bá wá tú aṣọ, ẹ̀rín ni, àdúrà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní kí wọ́n bá òun dín aṣọ kù, ojú bàbá mi á yí padà. "Kí ló ṣe yín? Ṣé kò sí nǹkan o?" Kí onítọ̀hún tó délé, gbogbo àdúgbò á ti máa káàánú rẹ̀.

Èmi tín-ín-rín, ìyẹn sì ni wàhálà mi. Ìyá mi á gbé mi lé itan, á dí mi nímú, á máa rọ ògì kíkan sí mi lọ́fun. Ẹ̀yin ọmọ mi, òórùn ògì yẹn ṣì ń rí mi lára títí dòní. Bí mo bá bì í, wọ́n á po òmíràn.

Mo dàgbà, mo jogún iṣẹ́ bàbá mi, mo sì rò pé mo ti bọ́. Àfi bí ikùn kékeré kan ṣe yọ síwájú mi lọ́jọ́ ogbó. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó lágídí. Orúnkún mi ò gbà á mọ́. Mo wá di ẹni tó ń jókòó sórí àga kírun ní mọ́sáláṣí, tí mò ń wo ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo kórìíra àga yẹn dọ́kàn. Dókítà ní bí mo bá lè dín kílò díẹ̀ kù, màá tún lè forí kanlẹ̀.

Mo jáwọ́ nínú ẹ̀bà alẹ́. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo ń fẹsẹ̀ rìn dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, mo ń fo gọ́tà tí òórùn rẹ̀ ń lé èèyàn. Ikùn ò mira. Mo ra àgbo kan tí wọ́n ń tà nínú ike. Ó korò, ó ń rùn bí omi ìfọṣọ ọjọ́ mẹ́ta, ilé ìgbẹ́ nìkan ló mú mi dé. Mo dà á nù, mo padà sórí ìrìn. Nígbà tó yá, ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Bó ṣe ń wọlé ni wàhálà ń jáde. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lójúde wa ló kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ̀! Àlàájì, ẹ ti rù o! Kí ló ń ṣe yín gan-an?"

Mo ní dókítà ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

"Dókítà kẹ̀? Ẹ má fi pamọ́ fún wa o. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú."

Àbúrò mi obìnrin gbé oúnjẹ wá láti Ìwáyà, ó ń sunkún, ó ní àfi kí n jẹ ẹ́ lójú òun. Mo wo ọ̀rá tó ti dì sórí ọbẹ̀, èébì fẹ́ gbé mi. Mo jẹ ẹ́ kí ẹkún lè dá.

Ṣùgbọ́n èyí tó kó mi nírìíra jù ni ti ọjọ́ Jímọ̀ kan. Lẹ́mọ́ọ̀mù ní kí gbogbo jàmáà bá Bàbá Télọ̀, èmi náà nìyẹn, tọrọ àlàáfíà. Gbogbo ojú yí sí mi, wọ́n ń wò mí bí òkú tó ń mí. Inú bí mi débi pé n kò lè ṣe àmín.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti àga sẹ́yìn, mo dúró sínú sàfù, lórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó ń kírun. Orúnkún dún, ṣùgbọ́n ó gbà mí. Iwájú orí mi kan ẹní. Omijé bọ́ lójú mi.

Bí a ṣe kírun tán, ọkùnrin tó kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di apá mi mú tàánútàánú: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ta ló gbé àga yín?"

Mo pòṣé. Láyé èwe wa, ebi tàbí àìsàn ló ń mú èèyàn rù, n kò lè dá àwọn òbí wa lẹ́bi. Lónìí, dókítà fúnra rẹ̀ ló ń ní kí á rù, àdúgbò ò sì tíì gbọ́. Kí wọ́n máa káàánú mi lọ. Lórí ilẹ̀, níbi tí mo ti ń forí kanlẹ̀, ni wọn yóò ti máa bá mi.