Ibi Tí Àgbàrá Ń Gbé E Lọ

Òórùn erùpẹ̀ tútù àti ti ẹja yíyan ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ti ṣú dùdù láti ọ̀nà Mápó. Ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnká, bí òjò bá ṣú, kì í ṣe aṣọ tí a sá là ń sáré sí, pàǹtí ni. Kálukú á gbé tirẹ̀ dúró létí gọ́tà bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Bí àgbàrá bá ti dé, ó di gbuurú! Ọ̀rá, bàtà jíjá, epo dúdú tí mẹkáníìkì ilé kejì tú nínú ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ á gba odò Ògùnpa lọ.

Ẹnu mi kì í sinmi ìbéèrè. "Ìyá mi, ibo ló ń lọ gan-an?"

Èsì kan náà ni ìyá mi máa ń fọ̀: "Ibi tí wọn ò ti mọ̀ wá."

Mo ti bá àgbàrá sáré títí kí n lè rí ibẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló ń kọ́kọ́ rẹ̀.

Ẹja tí ìyá mi ń tà l'Ọ́jà'ba la fi ń jẹun, òun náà ló gbé mi dé ilé ìwé. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló ń kó o wá fún wọn láti etí ọ̀sà. Nínú òjò ọjọ́ yẹn ló wọlé, apẹ̀rẹ̀ ẹyọ kan lórí, kò sì kún dé ìdajì.

Ìyá mi ní, "Ìyá Ẹ̀pẹ́, ṣé ẹ jẹ ìyókù lọ́nà ni?"

"Ẹ máa ṣẹ̀fẹ̀! Ọ̀rá làwọ̀n wa ń kó, Ìyá Síkírá. Epo dúdú bo omi, ẹja ò sí mọ́. Àwọn ọ̀bùn kan ló ń da pàǹtí sómi lókè odò lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń já sí."

Abọ́ pàǹtí ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á tán ni. Mo pariwo, "Ìyá mi, ibẹ̀ nìyẹn!"

Ojú tí ìyá mi fi wò mí, ẹja yíyan á tún gbẹ sí i. Wọ́n rọra ti abọ́ náà sẹ́yìn ìró.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò da pàǹtí sójò mọ́. Gbogbo agboolé ń pè wọ́n ní Wolé-wolé, àwọn ará ilé sì ń da tiwọn lọ. Ẹja ò padà. Bí mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé kẹrin nìyẹn, tí mo bọ́ sọ́jà.

Ìbéèrè ni mo ní nígbà náà. Báyìí, ẹnu ni mo ní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ṣú, bọ̀ọ̀dá kan gbé garawa epo dúdú dé gọ́tà iwájú ìsọ̀ mi.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ọlọ́mọ ọlọ́mọ?"

Ó bú mi, ó bú baba tó bí mi. Ó bú mi títí ó fi kọjá Bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n garawa rẹ̀ ṣì kún lọ́wọ́ rẹ̀.